Ẹsẹ̀ Kò Mọ Ilẹ̀ Mọ́

Bí ọ̀rọ̀ ọpọlọ bá délẹ̀, orí ni gbogbo èèyàn máa ń fọwọ́ tọ́. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní báyọ́lọ́jì níbí ní Ẹ̀pẹ́ náà kò yàtọ̀. Ẹ ní kí wọ́n ya ọpọlọ, wọ́n á ya nǹkan róbótó kan tó kún fún kọ́rọkọ̀rọ, wọ́n á fa ìlà sí i lára, wọ́n á kọ orúkọ síwájú ìlà, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa ń ya ẹsẹ̀. N kì í bá wọn wí, torí bí ìwé ìdánwò ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti gbé mi dé iwájú dókítà, ẹsẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ gan-an.

Ẹ wo àtàǹpàkò yẹn. Sẹ́ẹ̀lì nááfù kan wà tó ń jíṣẹ́ fún un. (Nááfù ni mo wí o, kì í ṣe iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, kì í sì í ṣe iṣan tá a fi ń gbẹ́rù.) Ibi tí sẹ́ẹ̀lì yìí fi ṣe ibùjókòó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn, lápá ìbàdí, ibùjókòó náà kò sì ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Ojú lásán kò lè rí i dáadáa. Àmọ́ ó ní apá méjì. Ọ̀kan sọ̀kalẹ̀ gba ìdí, ó gba itan, ó gba ẹ̀yìn orúnkún, ó di àtàǹpàkò. Èkejì wọ inú okùn nááfù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, ó ń gòkè bọ̀, kò dúró títí ó fi dé ìdí ọpọlọ, níbi tí ọrùn ti pàdé agbárí. Láti àtàǹpàkò dé ìpàkọ́, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Lára àgbàlagbà, ó máa ń gùn tó mítà kan ààbọ̀. Mo ti ń kọ́ni ní báyọ́lọ́jì fún ìgbà pípẹ́, kò sí ohun mìíràn nínú ìwé náà tó yà mí lẹ́nu tó èyí.

Ọpọlọ tó ń dúró de iṣẹ́ náà, inú òkùnkùn biribiri ló ń gbé. Agbárí bò ó, omi yí i ká. Kò fúnra rẹ̀ rí nǹkan kan rí. Bí ọ̀bẹ dókítà bá tiẹ̀ kàn án, kò ní dùn ún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè máa ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún ẹni tí ojú rẹ̀ là kedere, tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ayé, wọ́n sọ ọ́ fún un ni. Kò wúwo púpọ̀, nǹkan bíi kílò 1.4, ìdá 2 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wa, síbẹ̀ òun nìkan ń gba nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí à ń rí nínú oúnjẹ, à báà sùn, à báà jí. Suzana Herculano-Houzel, ọmọ ilẹ̀ Brazil, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ka iye sẹ́ẹ̀lì nááfù tó wà nínú rẹ̀: wọ́n lọ ọpọlọ àwọn tó ti kú di omi, wọ́n wá ka ohun tó wà nínú omi náà lábẹ́ ẹ̀rọ awò. Iye tí wọ́n gbé jáde ní 2009 jẹ́ bílíọ̀nù 86. Ṣáájú ìgbà yẹn, bílíọ̀nù 100 ni gbogbo ìwé ń kọ, bí ẹni pé ẹnì kan ti kà á.

Iná ni iṣẹ́ náà fi ń rìn. Ní Ẹ̀pẹ́, kò sídìí láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé iná lè wà nínú ẹran ara, torí gbogbo apẹja ló mọ òjìjí. Ẹja náà kò lẹ́wà. Kò ní ìpẹ́, ara rẹ̀ rọ̀, ó ní àwọ̀ eérú pẹ̀lú àmì dúdú tó tò ségesège, ètè rẹ̀ ki, kò sì ní lẹbẹ ńlá lẹ́yìn bí àwọn ẹja yòókù. Ẹni tó bá bá a nínú àwọ̀n kì í sáré fọwọ́ mú un. Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo máa ń tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ sí ọjà Olúwo, àwọn ọmọkùnrin kan tàn mí kí n fọwọ́ kan èyí tó wà nínú báàfù. Ohun tí mo rántí jù kì í ṣe ìrora. Ohun tí mo rántí ni pé mi ò fa ọwọ́ mi padà. Ọwọ́ náà fa ara rẹ̀ padà, ó fò sókè, ìgbọ̀nwọ́ mi gbá agbọ̀n ẹja ìyá ẹlòmíràn dànù, kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ìyá náà ti ń ṣépè.

Mo dàgbà kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Òjìjí lè tú iná tó lé ní 300 fólítì jáde, àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ sì ti ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri ibojì wọn láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Sẹ́ẹ̀lì nááfù ńlá méjì péré, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ló ń pàṣẹ fún gbogbo ẹ̀yà ara tó ń ṣe iná náà. Nígbà tí iná yẹn wọ ọwọ́ mi, ó pàdé nááfù tèmi, iná sì ni nááfù tèmi náà ń gbọ́. Ó pàṣẹ fún iṣan apá mi láìgba ọ̀dọ̀ mi kọjá.

Tiwa kò pọ̀ tó tirẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì nááfù tó wà ní ìsinmi ní nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún fólítì kan láàárín inú rẹ̀ àti ìta rẹ̀. Iyọ̀ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: sódíọ̀mù pọ̀ lóde sẹ́ẹ̀lì, pòtásíọ̀mù pọ̀ nínú, sẹ́ẹ̀lì sì ń fi agbára oúnjẹ tì wọ́n sí ipò wọn tọ̀sán-tòru. Bí nǹkan bá kan awọ ẹsẹ̀, ihò kéékèèké ṣí lára sẹ́ẹ̀lì, sódíọ̀mù ya wọlé, iná ibẹ̀ yí padà, èyí á mú kí ihò tó tẹ̀ lé e ṣí, èyí náà á ṣí èkejì. Bí iṣẹ́ ṣe ń rìn nìyẹn. Hodgkin àti Huxley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, ló ṣàlàyé rẹ̀ tán ní 1952. Nááfù squid, ẹ̀dá inú òkun kan báyìí, ni wọ́n lò, nítorí pé ó tóbi débi pé èèyàn lè ti wáyà bọ inú rẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé nínú omi ni wọ́n ti kó ìmọ̀ yìí, kí wọ́n má fojú kéré iṣẹ́ bàbá wọn.

Yíyá rẹ̀ ńkọ́? Johannes Müller, ògbógi onímọ̀ ní Jámánì, gbà pé iṣẹ́ nááfù yá débi pé èèyàn kò lè wọ̀n ọ́n láé. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, Hermann Helmholtz, wọ̀n ọ́n ní 1850 lára ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́, ó bá nǹkan bíi mítà 27 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mọ́tò tó ń sáré dáadáa lójú títì tó dán lè bá a lọ. Ara tiwa ní oríṣi mélòó kan. Àwọn nááfù tó nípọn, tí ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní máyẹ́lìn wé mọ́ lára, lè gbé iṣẹ́ ní 120 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí pé iná kò ní láti tẹ gbogbo ojú ọ̀nà. Ó ń fò láti àlàfo kan sí èkejì, bíi dánfó tó gbéra ní Ẹ̀pẹ́ tí kò gbé èrò lójú ọ̀nà títí ó fi dé Àjáh. Àwọn tó tín-ínrín, tí kò ní ọ̀rá, kì í ju bíi mítà kan lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ gbá igun bẹ́ẹ̀dì lóru ti rí ìyàtọ̀ wọn. Ẹ ó kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kan ẹsẹ̀ yín. Ẹ ó wá dúró, ẹ ó mọ̀ nínú ara yín pé wàhálà ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìrora tó ń jó wooro yóò wá dé, ó rọra ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀.

Bí ẹ bá sì tẹ ìṣó, ẹsẹ̀ yín á ti gbéra kí ọpọlọ tó gbọ́. Inú okùn eegun ẹ̀yìn ni wọ́n ti dá ẹjọ́ yẹn. Ọpọlọ, ní tirẹ̀, á wá máa ṣe bí ẹni pé òun ló pàṣẹ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Àlájà ni gbogbo ọjà ń pè é. Ẹja ló ń tà láti kékeré, tútù àti yíyan. Bàtà rẹ̀ ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ó máa ń wọ sílípáàsì rọ́bà, á dìde nídìí igbá, á ní òun ń lọ bá oníyìnyín, bí ó bá sì rin ìgbésẹ̀ bíi mélòó kan, bàtà kan á ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òun á sì máa lọ. “Àlájà, bàtà yín o!” Wọ́n á pariwo, wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ó di àwàdà ọjà. Kò sẹ́ni tó béèrè bí èèyàn ṣe lè bọ́ bàtà sílẹ̀ kó máà mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àsùbáà. Ó sọ fún mi pé tí iná bá wà, òun máa ń dúró kírun dáadáa, àmọ́ tí iná bá ti lọ, ara òun á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, òun á sì ní láti fọwọ́ ti ògiri. Ó rò pé ojú òun ni. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ rò pé ọjọ́ orí ni. Àwọn kan nínú ọjà sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ó ti tẹ nǹkan, torí pé ẹni tí ọjà rẹ̀ ń tà kì í ṣàìní ọ̀tá. Nígbà ọyẹ́ wọ́n gbé omi gbígbóná fún un kó fi ṣe àlùwàlá. Ó bu omi sójú, ó ní kò burú, ó ti tutù díẹ̀. Kò burú lójú, kò burú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ṣì gbóná nínú kẹ́tùlù ni ó dà sẹ́sẹ̀. Ìyàwó ilé ló rí i pé awọ ẹsẹ̀ ọ̀tún ti lé róró.

“Ṣé kò dùn yín ni, Ìyá?” ni mo bi í.

“Tíṣà, ká ní ó dùn mí, ṣé máa dúró níbẹ̀ ni? Ẹsẹ̀ mi ò mọ ilẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́.”

Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn kò lo ẹ̀rọ ńlá kankan. Ó ní kí Àlájà dijú. Ó mú àtàǹpàkò rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó gbé e sókè díẹ̀, ó bi í pé, “Màmá, òkè ni àbí ìsàlẹ̀?” Àlájà dá a lóhùn pé ìsàlẹ̀. Ó tún gbé e. Ó tún ṣì í. Ó wá mú irin kan tó ń gbọ̀n tó sì ń kùn, ó fi ìdí rẹ̀ kan kókósẹ̀, Àlájà ní òun mọ̀ pé nǹkan tutù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n. Ó mú okùn ọ̀rá kan tín-ín-tín tó máa ń tẹ̀ tí ìwúwo bá ti tó gírámù 10, ó ń fi gún àtẹ́lẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Àlájà kàn ń dijú, ó dákẹ́, ó ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti gún un tán.

Èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n ní kí n dúró tì í fún. Kó pa ẹsẹ̀ pọ̀, kó na ọrùn, kó lajú. Ó dúró gbọnin. Kó wá dijú. Kò pẹ́ rárá tí ó fi ya lu èjìká mi. Romberg, dókítà ará Jámánì kan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àyẹ̀wò yìí, àṣírí rẹ̀ kò sì le. Ohun mẹ́ta ló ń sọ fún ọpọlọ pé a dúró ṣánṣán: ojú, omi tó ń mì nínú etí, àti nááfù ẹsẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá ti dákẹ́, ojú ló ń ru ẹrù rẹ̀. Ẹ wá pa ojú, tàbí kí iná lọ lásìkò àsùbáà, ẹ ó rí ohun tó ṣẹ́kù.

Ìmọ̀ tí ẹsẹ̀ fi ń mọ ibi tó wà yìí, a kì í kà á mọ́ àwọn ìmọ̀lára tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní márùn-ún ni, ojú, etí, imú, ahọ́n, awọ ara. Charles Sherrington, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló fún un ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 1906. Inú iṣan ẹran àti oríkèé ni àwọn aṣọ́nà rẹ̀ wà, wọ́n ń wọn bí iṣan ṣe gùn tó, bó ṣe fà tó. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ lè gbé òkèlè sẹ́nu nínú òkùnkùn láìgún ara yín nímú. A kì í mọ̀ pé ó wà, nítorí kì í dáwọ́ iṣẹ́ dúró kí a lè mọ̀.

Ohun tó sì ń já mi láyà jù nìyẹn nípa ọpọlọ. Bí iṣẹ́ láti ẹsẹ̀ bá dáwọ́ dúró, ọpọlọ kì í pariwo pé “mi ò gbọ́ nǹkan kan láti ìsàlẹ̀ o.” Ó máa ń gbà pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ni. Omi gbígbóná dà sí ẹsẹ̀ Àlájà, lójú ọpọlọ rẹ̀ àlàáfíà ni. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn á wá oògùn lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri kò ní ohun tó máa lé e dé ilé ìwòsàn.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo pàdé orúkọ ìlú wa níbi tí mi ò retí. Ní 1958, dókítà kan, G. L. Money, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lórí àrùn nááfù tó wọ́pọ̀ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀pẹ́ níbí! Ọjọ́gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, tó di ọ̀kan lára àwọn ògúnná gbòǹgbò nínú ìmọ̀ nááfù ní gbogbo Áfíríkà, gbé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ yẹ̀wò fínnífínní ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1968. Àwọn àmì àìsàn tí wọ́n kọ sílẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi orúkọ Àlájà sí i: ẹsẹ̀ tó kú tàbí tó ń jó, ìrìn tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, dídúró tó ń bàjẹ́ tí wọ́n bá dijú. Àwọn mìíràn tún ń pàdánù ojú, tàbí etí, nítorí pé nááfù náà ni ojú àti etí fi ń jíṣẹ́.

Ẹ̀gẹ́ ni Osuntokun nawọ́ sí. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní linamarin wà nínú ẹ̀gẹ́, tí a bá ti rin ín, ó máa ń di sáyánáìdì, májèlé. Gbogbo wàhálà tí àwọn ìyá wa ń ṣe lórí gààrí, rírin, dídì í sápò, gbígbé òkúta lé e, fífi í sílẹ̀ kó kan, yíyan án nínú agbada gbígbóná, gbogbo rẹ̀ ló ń lé májèlé náà dànù. Èyí tó bá kù, ara wa máa ń fi èròjà tó ní imí-ọjọ́ nínú sọ ọ́ di ohun tí kò léwu púpọ̀ mọ́, a ó sì tọ̀ ọ́ dànù. Inú ẹja, ẹran àti ẹyin la ti ń rí èròjà náà dáadáa. Nítorí náà, lójú Osuntokun, ẹni tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, tí kò sì rí ẹja fi sí i, òun ló wà nínú ewu. Ó wọn ohun tí sáyánáìdì ń dà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà, ó bá a pé ó ga.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ní 2000, Oluwole àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé àìsàn náà ṣì wà digbí ní Ọ̀sọsà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí Osuntokun ti ṣe tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n túbọ̀ wá a wò, wọ́n ní ẹ̀rí kò fi hàn pé sáyánáìdì inú gààrí nìkan ló yẹ kó ru ẹ̀bi náà. Ní Kóńgò àti Mòsáńbíìkì, àìsàn mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní konzo, tí ẹ̀gẹ́ tí wọn ò ṣe dáadáa ń fà: ẹsẹ̀ á le gan-an lójijì, kò ní tú mọ́. Èyí tún yàtọ̀ sí ti Ìjẹ̀bú pátápátá. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti fẹ́ ju gààrí wọn nù báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú. Gààrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, pẹ̀lú ẹja yíyan, mi ò rò pé ó ṣe ẹnikẹ́ni níkà rí. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé àwọn dókítà wá sí agbègbè tí gbogbo ayé mọ̀ sí ti ẹja, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọ́n sì fi kọ́ nǹkan nípa nááfù fún gbogbo ayé, àwa tá à ń gbé ibẹ̀ kò sì gbọ́.

Ti Àlájà kì í ṣe ti ẹ̀gẹ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà rẹ̀ ti ga, ó sì jọ pé ó ti ga fún ìgbà pípẹ́. Àtọ̀gbẹ ni. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń ba nááfù jẹ́, ó tún ń ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bọ́ nááfù náà jẹ́, àwọn tó gùn jù ló sì kọ́kọ́ ń kan. Mo ní kí ẹ rántí sẹ́ẹ̀lì àtàǹpàkò yẹn. Gbogbo ohun èlò tó ń lò, ibùjókòó rẹ̀ níbàdí ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n á wá máa kó o sọ̀kalẹ̀. Èyí tó yá jù nínú ẹrù náà kì í ju nǹkan bí ìdajì mítà lọ lójúmọ́ kan, ìyẹn ni pé ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń lò kó tó dé àtàǹpàkò. Èyí tó fà jù lè lo ọdún. Bí nǹkan bá dí ọ̀nà, ìpẹ̀kun ni ebi máa kọ́kọ́ pa. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ Àlájà ṣì mọ omi gbígbóná nígbà tí ẹsẹ̀ kò mọ̀ ọ́n mọ́. Àìsàn náà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìka ẹsẹ̀, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Bó bá gun ẹsẹ̀ dé nǹkan bí orúnkún ni ìka ọwọ́ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Lóru, ẹsẹ̀ kan náà tí kò mọ nǹkan lọ́sàn-án á bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Èyí ló jẹ́ kí àwọn tó gbà pé ó tẹ nǹkan túbọ̀ dá ara wọn lójú. Àmọ́ nááfù tó ń bàjẹ́ lè máa tú iná jáde fúnra rẹ̀, láìsí ohun tó kàn án. Ọpọlọ kò sì ní ọ̀nà tó lè fi mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún òun. Ibi tí wọ́n ní ó ń jó, ibẹ̀ ló máa ń jó. Nínú ọpọlọ, gbogbo ara ló ní àyè tirẹ̀. Wilder Penfield ní Montreal, nílẹ̀ Kánádà, ló fi iná díẹ̀díẹ̀ kan ọpọlọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n ń sọ ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ lára, ó sì tẹ àwòrán ilẹ̀ náà jáde ní 1937. Ètè àti ọwọ́ gba àyè ńlá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ti sí kọ̀rọ̀, lókè, láàárín ibi tí ọ̀tún ọpọlọ àti òsì rẹ̀ ti kojú síra wọn. Ọpọlọ òsì ló ń gbọ́ ti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbà fi máa ń mú ẹni ní ẹ̀gbẹ́ kan, tó sì jẹ́ pé òdìkejì orí ni ìjàǹbá náà wà.

Àwọn nááfù ẹsẹ̀ àti ọwọ́ tó bá gé lè tún hù, bíi mìlímítà kan lójúmọ́, tí ọ̀nà bá mọ́. Ti inú ọpọlọ àti ti okùn eegun ẹ̀yìn kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ti àtọ̀gbẹ, kí ó má baà burú sí i ni ìjà tí wọ́n ń jà. Wọ́n fún Àlájà ní metformin, oògùn tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, wọ́n sì ní kí a máa rántí yẹ fítámì B12 rẹ̀ wò, torí oògùn náà máa ń dín in kù tó bá pẹ́ lára, nááfù sì nílò B12 kí ọ̀rá tó wé mọ́ ọn má baà ṣí. (Ẹ ò rí i pé oògùn tí wọ́n fún un kí nááfù má baà bàjẹ́ sí i lè yí padà dójú ìjà kọ nááfù. Ẹ má torí ìyẹn pa oògùn tì, ẹ kàn bi dókítà yín.) Bàtà tó bo ìka ni ó ń wọ̀ báyìí. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lálálẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ń wá ọgbẹ́, ó sì ti rí ẹ̀gún ẹja kan tó wọlé láìjẹ́ pé oníẹsẹ̀ mọ̀. Ọmọ náà ló tún máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ wọn omi àlùwàlá.

Ìjà tó kù ni ti oúnjẹ. Nọ́ọ̀sì ní kó dín gààrí kù, kí ẹ̀bà má ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Àlájà wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó wò mí, ó tún wò ó.

“Ẹja ńkọ́?”

“Ẹja ò ní wàhálà, Màmá. Ẹ jẹ ẹja bó bá ṣe wù yín.”

“Àwọn tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ mi ńkọ́, kí ni kí n sọ fún wọn?”